Rọ́bà Ni Ó Ń Yí Bọ́ọ̀lù: Ìtàn Bátì Láti Bombay Dé Sharjah

Nọ́ńbà ni a fi ń mọ àdúgbò ní Industrial Area ìlú Sharjah. Bí oníbàárà bá fóònù láti pápákọ̀ òfurufú pé òun ti dé, a kì í júwe ojúlé fún un. A ó ní kí ó sọ fún onítakisí pé Industrial Five ni tàbí Industrial Ten, kí ó wá máa wo orúkọ ṣọ́ọ̀bù bí ó bá ti wọlé. Iṣẹ́ mi níbẹ̀ ni títú ẹ́ńjìnnì àti gíáàbọ́ọ̀sì tokunbo. Àwọn ará wa ń wá rà á, a ń tò ó sínú kọ̀ǹténà, ó ń bá omi lọ sí Àpápá ní Èkó, ó sì ń ti ibẹ̀ bọ́ sí ọjà Ládípọ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà ti kúrò ní ọwọ́ òsì, tí ó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ojú títì, ni ọkọ̀ àwọn Lárúbáwá ti bá tiwa mu, nítorí apá òsì ni sítíárì wọn wà.

Ẹ̀yìn àwọn kọ̀ǹténà ni tábìlì tẹ́nìsì wa wà. Pákó tí a tú lára àpótí ẹrù ni a fi kàn án, ṣùgbọ́n a wọ̀n ọ́n bí òfin ṣe wí: mítà 2.74 ní gígùn, mítà 1.525 ní fífẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 76 láti ilẹ̀. Láti àárín oṣù kẹfà dé àárín oṣù kẹsàn-án, ìjọba máa ń dá iṣẹ́ ìta gbangba dúró láti aago méjìlá ààbọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán nítorí oòrùn, abẹ́ òrùlé tó bo tábìlì yìí sì ni ọ̀pọ̀ ń sá wá. Ọmọ Kerala wà níbẹ̀, ọmọ Peshawar, ọmọ Manila, ọmọ Douala, àti àwa ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀: bátì wo ló ń fún bọ́ọ̀lù ní sípíìnì, ìyẹn yíyí, jù? Ẹnì kan á lọ ra bátì oníràwọ̀ márùn-ún ní súpámákẹ́ẹ̀tì, á gbé e dé tayọ̀tayọ̀, bọ́ọ̀lù á sì máa yọ̀ lórí rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní igi ni ká náwó lé, pé igi tó ní kábọ́ọ̀nù nínú ló ń yí bọ́ọ̀lù. Èmi ò gbà. Rọ́bà ni. Kí n má sì fi ẹnu lásán jà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ eré yìí nínú pálọ̀ wọn ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò sí rọ́bà kankan lára bátì. Awọ ni wọ́n nà mọ́ férémù tó ní ọwọ́ gígùn, ó sì ń dún bí ìlù. Ní 1901 ni ilé iṣẹ́ Jaques ti London fi orúkọ ping-pong sílẹ̀ lábẹ́ òfin pé tòun ni. Awọ kì í di bọ́ọ̀lù mú, nítorí náà kò sí ẹni tó lè yí bọ́ọ̀lù dé ibi tó lápẹẹrẹ. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn kan tó lẹ rọ́bà onírorẹ́ mọ́ ojú igi, ìyẹn rọ́bà tí hóró kéékèèké yọ lójú rẹ̀, bọ́ọ̀lù sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn díẹ̀.

Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ̀ pé ní sáà kan náà, rọ́bà ń ti inú igbó wa lọ sí ọjà àgbáyé. Kì í ṣe igi rọ́bà ti Brazil tí wọ́n wá gbìn lẹ́yìn náà o; igi rọ́bà ìbílẹ̀ tó ń hù fúnra rẹ̀ ni. Ní 1895 nìkan, rọ́bà tí wọ́n kó jáde láti Èkó wọ̀n ju mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn lọ. Wọ́n kọ ara àwọn igi náà ní ìkọkúkọ, ọ̀pọ̀ gbẹ dànù, òwò náà sì rọlẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. N kò sọ pé ojú bátì ni rọ́bà wa lọ. Táyà ni ayé ń wá rọ́bà fún nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí pé àwọn bàbá wa ti fọwọ́ kan rọ́bà kí eré yìí tó mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ gbogbo rọ́bà bátì tí mo ti lẹ̀ láyé mi, Jàpáànì, Ṣáínà tàbí Jámánì ló ti wá.

Rọ́bà onírorẹ́ lórí igi, láìsí fóòmù lábẹ́ rẹ̀, jọba fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Òun ni Victor Barna ọmọ Hungary fi gba ife àgbáyé ẹlẹ́nìkan lẹ́ẹ̀márùn-ún láàárín 1930 àti 1935. Ó ń yí bọ́ọ̀lù, àmọ́ kò tó nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ó ṣe kéré tó, kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìdíje àgbáyé ní Prague ní 1936, nígbà tí Ehrlich ti Poland àti Paneth ti Romania fi ju wákàtí méjì lọ du póìǹtì kan ṣoṣo. Wọ́n ń tì í síwá, wọ́n ń tì í sẹ́yìn. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ní irin iṣẹ́ tí yóò fi pa èkejì.

Bombay ni irin iṣẹ́ náà ti yọ. Ọdún 1952 ni, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìdíje àgbáyé máa dé Éṣíà. Hiroji Satoh, ọmọ Jàpáànì kan tó ń lo gíláàsì, tí wọn kò tilẹ̀ kà sí ògbóǹtagí jù lọ ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, gbé bátì kan dé tí fóòmù tó nípọn bo ojú rẹ̀. Bátì náà kì í dún. Etí ni àwọn agbábọ́ọ̀lù ìgbà náà fi ń mọ bí ọwọ́ alátakò ti le tó. Nígbà tí etí kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ojú nìkan kò ká a. Satoh nà wọ́n lọ títí ó fi na József Kóczián ọmọ Hungary nínú àṣekágbá. Ọ̀gá kan tó ń kun ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ yáàdì wa, ọmọ Bombay ni. Ó sọ fún mi pé nílé àwọn, bí ẹnikẹ́ni bá gbé bátì tuntun dé tó bẹ̀rẹ̀ sí í nà gbogbo wọn, Satoh ni bàbá òun máa ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀, nítorí ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Bí bọ́ọ̀lù bá kan igi líle, kíá ló ti kúrò níbẹ̀. Bí ó bá kan fóòmù, ó rì wọlé díẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ lára bátì kí ó tó jáde. Láàárín ìdúró tí ojú kò lè rí yẹn ni ọwọ́ ti ń rí àyè ha bọ́ọ̀lù. Àmọ́ fóòmù nìkan kì í di bọ́ọ̀lù mú tó bó ṣe yẹ. Ó ku ohun tí yóò bò ó lórí.

Òfin ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ariwo pọ̀ lẹ́yìn Bombay, àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n lé fóòmù kúrò nínú eré pátápátá. ITTF, ẹgbẹ́ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1926, dá ẹjọ́ náà ní 1959: fóòmù nìkan kò gbọdọ̀ bo bátì mọ́, ṣùgbọ́n fóòmù tí rọ́bà bò lórí lè wà, bí àpapọ̀ wọn pẹ̀lú gọ́ọ̀mù kò bá ti ju mílímítà mẹ́rin lọ. Wọ́n gbà kí irorẹ́ rọ́bà náà kọjú síta, wọ́n sì gbà kí ó kọjú sínú. Nígbà tí ó bá kọjú sínú, ẹ̀yìn rọ́bà tó tẹ́jú, tó ń di nǹkan mú, ni yóò pàdé bọ́ọ̀lù. Nínú gbogbo ìpinnu tí ẹgbẹ́ yẹn ti ṣe, èyí ló tóbi jù lójú mi. Eré tí à ń gbá lónìí, inú mílímítà mẹ́rin yẹn ló ń gbé.

Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ Jàpáànì fi mọ ohun tí ojú títẹ́jú yìí lè ṣe. Wọ́n gbé luùpù jáde. Bátì á ti ìsàlẹ̀ bọ̀, á ha ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù lọ sókè, kò ní gbá a ní tààrà. Bọ́ọ̀lù náà á máa yí síwájú lójú òfuurufú, afẹ́fẹ́ á máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, á bá tábìlì, á sì ta síwájú lójijì. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, tó kàn fi bátì dí i, òkè ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ. Ìròyìn dé etí àwọn ará Ṣáínà ṣáájú ìdíje àgbáyé ti Beijing ní 1961. Wọ́n yan àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wọn pé kí wọ́n lọ kọ́ luùpù, kí wọ́n sì máa gbá a fún àwọn yòókù títí ẹ̀rù rẹ̀ yóò fi kúrò lójú wọn. Ṣáínà ló gba ife ẹgbẹ́ ọkùnrin lọ́dún náà, Zhuang Zedong sì gba ti ẹlẹ́nìkan. Mo ní ọ̀wọ̀ fún àwọn tó fara wọn jìn láti di ọ̀tá nínú ìdánrawò, tí orúkọ wọn kò lókìkí bíi ti Zhuang.

Láti ìgbà náà, ilé iṣẹ́ rọ́bà ló ń fa eré, tí òfin ń sá tẹ̀lé e. Hikosuke Tamasu ti dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Jàpáànì láti 1950, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Butterfly. Wọ́n gbé rọ́bà Sriver jáde ní 1967. Yasaka, ilé iṣẹ́ Jàpáànì mìíràn, gbé Mark V jáde ní 1969, ó sì ṣì wà lórí àtẹ títí di òní. Ní Ṣáínà, DHS ti Shanghai gba ọ̀nà mìíràn: fóòmù líle, tí rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bò lórí. Bí rọ́bà bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ tuntun, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀lù kan lórí tábìlì, ó lè gbé bọ́ọ̀lù náà sókè kí ó má tètè jábọ́.

Apá tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí, ọ̀dọ̀ fọ́kanáísà ló ti wá. Ní àwọn ọdún 1970, Dragutin Surbek ọmọ Yugoslavia àti Tibor Klampár ọmọ Hungary wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i pé bí èèyàn bá fi gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ túùbù kẹ̀kẹ́ lẹ rọ́bà bátì, fóòmù á wú, á na rọ́bà orí rẹ̀ le, bọ́ọ̀lù á sì máa jáde pẹ̀lú eré àti sípíìnì tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Agbára rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó ṣá, nítorí náà wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ lọ́tun kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ní Pyongyang ní 1979, Hungary tí Klampár wà nínú ẹgbẹ́ wọn gba ife àgbáyé lọ́wọ́ Ṣáínà. Nílé, ní Mushin, a kò ní láti wá gọ́ọ̀mù yẹn jìnnà. Sọ̀lúṣọ̀n là ń pè é. Ẹ̀gbọ́n tó kọ́ mi ní eré yìí máa ń rán mi lọ sọ́dọ̀ fọ́kanáísà ní Ìdí-Òrò láti ra èyí tó wà nínú túùbù kékeré, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo iyàrá kan. Kẹ́míkà inú rẹ̀ kò dára fún ara. ITTF fòfin dè é láti oṣù kẹsàn-án 2008, gọ́ọ̀mù tí a fi omi pò ni a sì ń lò láti ìgbà náà.

Ìwà àlùmọ̀kọ́rọ́yí náà wà nínú ìtàn rọ́bà. Àwọn kan máa ń lẹ rọ́bà tó ń yí bọ́ọ̀lù sójú kan, wọ́n á lẹ èyí tí kì í yí i rárá sójú kejì, méjèèjì á sì dúdú. Wọ́n á máa yí bátì nísàlẹ̀ tábìlì, alátakò kò ní mọ èyí tó ń bọ̀. Láti 1986 ni òfin ti wá sọ ọ́ di dandan kí ojú kan pupa, kí ìkejì dúdú. Ẹni tó bá rò pé ẹwà ni wọ́n fi àwọ̀ méjì yẹn ṣe, ìdí rẹ̀ nìyí. Láti 2021 ni wọ́n ti fàyè gba àwọ̀ mìíràn dípò pupa, ṣùgbọ́n dúdú gbọ́dọ̀ wà lójú kan.

Nílé, pákó lásán ni ọ̀pọ̀ wa fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí fóòmù, kò sí rọ́bà. Pákó ń kọ́ ojú àti ẹsẹ̀, ó ń kọ́ ọwọ́ láti tètè dé, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní luùpù. Mo ti rí ọmọ tó gbóná lórí pákó tó wá di ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo lọ́jọ́ tí wọ́n fún un ní bátì onífóòmù. Ìdí nìyí tí mo fi ń gbóríyìn fún àwọn tó gbé ìdíje ró tí ọmọ ìta lè fi bá àwọn tó ní irin iṣẹ́ gidi pàdé. Olóyè Molade Okoya-Thomas fi owó ara rẹ̀ gbé ìdíje Aṣojú Ọba ró ní Èkó láti 1968, ìdíje náà kò sì bá a kú nígbà tí ó papò dà ní 2015. Gbọ̀ngàn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ wà ní pápá ìṣeré Tèslìm Bàlógun ní Sùúrùlérè. Nígbà tí eré yìí wọ Òlíḿpíìkì fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Seoul ní 1988, Atanda Musa ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ṣégun Tòríọlà tí wọ́n bí ní Iléṣà lọ sí Òlíḿpíìkì méje, láti 1992 dé 2016. Fúnkẹ́ Òṣọ́náíkẹ̀ náà lọ sí méje, láti 1996 dé ti Tokyo. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí pákó lásán gbé débẹ̀.

Ẹgbẹ́ àgbáyé sì ti gbìyànjú láti dín sípíìnì kù. Ní oṣù kẹwàá 2000 wọ́n sọ bọ́ọ̀lù di mílímítà 40 láti 38. Ní 2014 wọ́n fi pílásítíìkì rọ́pò sẹ́lúlọ́ìdì. Bọ́ọ̀lù tó tóbi, tí kò rọrùn láti yí bíi ti àtijọ́, ló jáde. Kí ni àwọn ilé iṣẹ́ ṣe? Butterfly ti gbé rọ́bà Tenergy jáde ní 2008, ọdún tí wọ́n fòfin de sọ̀lúṣọ̀n, pẹ̀lú fóòmù tó ń ta fúnra rẹ̀ láìsí pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù wú u. Àwọn ará Jámánì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù pílásítíìkì, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í da ojú rọ́bà Ṣáínà tó ń lẹ̀ pọ̀ mọ́ fóòmù tó ń ta. Gbogbo ohun tí òfin bá mú kúrò lára bọ́ọ̀lù, rọ́bà ló ń dá a padà.

Ní oṣù kìíní 2014, àwọn ògbóǹtagí àgbáyé wá gbá àṣekágbá ọdún wọn ní Dubai, nítòsí wa níbí. Xu Xin, tó ń di bátì mú bí ẹni di gègé, ló gba ti ọkùnrin. Lọ́dún yẹn kan náà ni Quadri Aruna tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ dé ìpele ẹni mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú ife àgbáyé ní Düsseldorf. Ní Rio ní 2016 ó na Timo Boll ọmọ Jámánì ní 4-2, kí Ma Long tó dá a dúró. Ní 2022 ó wọ inú ẹni mẹ́wàá tó gbóná jù láyé, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nígbà tó bá ń ha bọ́ọ̀lù. Gbogbo ara ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí rọ́bà kò bá di bọ́ọ̀lù mú, òfìfo ni gbogbo agbára yẹn.

Níbi iṣẹ́ wa, eruku ni ọ̀tá rọ́bà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wa ni wọ́n ti ń fín ọ̀dà sára ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n ti ń ha fílà tí wọ́n fi dí ara ọkọ̀, èérún rẹ̀ sì ń bà lé ohun gbogbo. Èyí tó bà lé rọ́bà á dí ojú rẹ̀, bọ́ọ̀lù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Aṣọ mímọ́ tí a rẹ sómi díẹ̀ ni kí a fi nù ún lẹ́yìn eré, kí a sì fi ọ̀rá bò ó. Kí ẹnikẹ́ni má fi bátì sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní oṣù keje ní Sharjah. Ooru yẹn ń pa rọ́bà. Rọ́bà tí ojú rẹ̀ ti ń dán gbinrin, tí kò fa ìka mọ́ bí a bá fi pá a, ti kú nìyẹn, ìràwọ̀ mélòó kan ì báà wà lára páálí rẹ̀.

Fún ẹni tó ń wá sípíìnì, ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí ó ra igi tí a fi pákó márùn-ún lẹ̀ pọ̀, tí kò sáré jù. Kábọ́ọ̀nù ń mú bọ́ọ̀lù yára. Kì í yí i. Kí ó wá fi owó tó kù sórí rọ́bà. Fóòmù mílímítà méjì tó fún ẹni tó ti mọ luùpù, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lè bẹ̀rẹ̀ láti 1.8. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá lágbára, tó sì ń ju gbogbo apá, rọ́bà líle ti Ṣáínà tó ń lẹ̀ ni yóò fún un ní sípíìnì jù. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì lágbára, kí ó mú ti Jàpáànì tàbí ti Jámánì tó rọ̀, tó ń ta. Kò yẹ kí owó dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni: owó Tenergy kan lè ra Hurricane 3 ti DHS méjì ní ọjà Dragon Mart ní Dubai, nígbà mìíràn mẹ́ta.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń di ẹrù ránṣẹ́ sílé láti Sharjah àti Dubai, ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ bá ní kí ẹ ra bátì fún òun, ẹ fi èyí tó wà nínú páálí ní súpámákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ẹ ra igi kan, rọ́bà pupa kan, dúdú kan, kí ẹ sì rí i pé àmì ITTF wà lára rọ́bà méjèèjì. Ẹ fi gọ́ọ̀mù olómi kan sí i. Kò tó ẹrù, ẹ lè kì í bọ àárín aṣọ.